Mo Gé Páìpù Kúrú, Mo sì Tú Àṣírí Ọkọ Mi

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kó yé yín pé mi ò wá síbí láti wá sunkún. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ń kọ ìtàn ara wọn sínú ìwé ìròyìn yìí ló máa ń parí rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀. Orúnkún ń dun èmi, mi ò lè kúnlẹ̀.

Ohun méjì ni mo ṣe lóṣù kọkànlá ọdún tó kọjá. Ọ̀kan ń dùn mí títí di òní. Èkejì ò dùn mí rárá, bí ọ̀la bá sì tún pè mí síbẹ̀, màá ṣe é. Àmọ́ gbogbo ìlú Tarbell ti lọ́ méjèèjì pọ̀, wọ́n ń pè é ní ẹ̀ṣẹ̀ kan ṣoṣo. Ìdí tí mo fi mú bírò nìyẹn.

Rowena Haskell lorúkọ mi. Bọ́ọ̀sì ilé ìwé ni mò ń wà. Ó ti pé ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n tí mo ti fẹ́ Durward, inú ilé tí baba ńlá rẹ̀ kọ́ la sì ń gbé, àwa àti Baba Ellery, bàbá ọkọ mi, tí wọ́n ti pé ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún.

Ààrò òkúta ńlá kan wà lára ògiri pálọ̀ wa. Ṣímínì rẹ̀ gba àárín ilé kọjá, ó yọ lókè òrùlé. Láàárín ìgbà òtútù kan, ààrò yìí lè jẹ igi tó kún ọkọ̀ ńlá mẹ́jọ. Durward ló ń gé e, òun ló ń là á, òun ló ń tò ó. Lọ́dọ̀ tiwa, ìtò igi ni wọ́n fi ń mọ ọkùnrin. Ẹ máa rí àgbàlagbà tó máa dẹ mọ́tò sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà kó lè wo igi onígi dáadáa kó tó máa lọ.

Lóṣù kẹjọ, dókítà fi àwòrán ọkàn Durward hàn wá. Iṣan ẹ̀jẹ̀ méjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí pátápátá. Dókítà ní kó jẹ́ kí àwọn ṣí i, pé iṣẹ́ abẹ kékeré ni. Ó ní títí dìgbà náà, kò gbọdọ̀ la igi, kò gbọdọ̀ sáré, kò gbọdọ̀ gbé ẹrù.

A ò tíì kúrò ní ọgbà ilé ìwòsàn tí Durward ti paná mọ́tò.

"Rowena, tó o bá sọ èyí fún ẹnikẹ́ni, èmi pẹ̀lú ẹ ti parí."

"Baba ńkọ́?"

"Àti Baba. Lendall ló burú jù."

Lendall Tibbetts ni ọ̀gá àwọn panápaná ìlú wa. Kò sẹ́ni tó ń san owó oṣù fún wọn, ìfẹ́ ìlú ni wọ́n fi ń ṣe é. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Durward ti wà láàárín wọn, tí ẹ̀rọ ìpè kékeré wọn ò kúrò ní bẹ́líìtì rẹ̀. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń ṣàìsàn kò gbọdọ̀ gun ọkọ̀ wọn. Nítorí náà, ó ní iṣẹ́ abẹ di ẹ̀yìn ìgbà òtútù, ó bọ́ sí ẹ̀yìn ilé, ó gbé àáké.

Mo ṣèlérí fún un. Mo sì di ẹni tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Bí mo bá gbọ́ ìró àáké, àyà mi á já. Bí mi ò bá gbọ́ ọ mọ́, àyà mi á já jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kan, mo dá a lábàá pé ká fi sítóòfù oníhóró sí ẹnu ààrò. Ìdajì ìlú ló ti ní in. Àpótí irin ni wọ́n ń tì bọ inú ààrò, tó ń jẹ hóró kéékèèké tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú igi tẹ̀, tó sì ń fi iná mànàmáná bọ́ ara rẹ̀. Èèyàn á kàn da àpò kan sí i láàárọ̀, ó tán.

Durward rẹ́rìn-ín. "Oúnjẹ ehoro? Kí n máa fi oúnjẹ ehoro bọ́ ààrò baba ńlá mi?"

"Ehoro kì í lagi kó tó jẹun."

"Ọjọ́ tí nǹkan yẹn bá wọlé yìí, ọjọ́ náà ni mo jáde."

Mo mi orí. Ẹni tó bá rò pé orí mímì ni gbígbà, kò tíì níyàwó rí.

*

Lọ́sẹ̀ kejì oṣù kọkànlá, àwọn ọkùnrin wa máa ń lọ sí ahéré ọdẹ láti pa àgbọ̀nrín. Durward àti Galen àbúrò rẹ̀ ò pa á jẹ láti kékeré. Lọ́jọ́ Sunday ni wọ́n gbéra, Saturday ni wọ́n ń padà bọ̀, fóònù ò sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Sítóòfù mi ti wà ní àkà Corliss àbúrò mi láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, lábẹ́ aṣọ tí wọ́n fi ń bo koríko.

Mo ti kọ́kọ́ pe àwọn tó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní oṣù kìíní làwọn tó lè ráyè. Ní oṣù kìíní, Durward á ti la ìdajì igbó.

"Àwa méjèèjì la máa ṣe é," ni mo wí fún Corliss.

"Àwa tí a jọ ń wa bọ́ọ̀sì?"

"Ìwé rẹ̀ wà. Mo mọ̀wé kà."

Láàárọ̀ Monday, lẹ́yìn tí a kó àwọn ọmọ dé ilé ìwé, a bẹ̀rẹ̀. Baba Ellery jókòó sórí àga wọn, wọ́n mú dónọ́ọ̀tì dání, wọ́n ń wò wá bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù.

"Baba, ẹ dákun, ẹ má sọ fún un o," ni mo wí.

"Sọ kí ni? Mi ò ríran láti àná."

Ní ọ̀fun ṣímínì, ilẹ̀kùn irin kan wà tí wọ́n fi ń ṣí èéfín, tí wọ́n sì fi ń tì í. Irin náà dí ọ̀nà páìpù. Baba ńlá Durward ló rọ ọ́ fúnra rẹ̀. Mo gbé ayùn oníná tí wọ́n fi ń gé irin, mo dùbúlẹ̀ sínú eérú, mo nawọ́ sókè.

Corliss ló mú tọ́ọ̀ṣì. "Rowena, wọ́n ní òun ló fọwọ́ ara ẹ̀ rọ ọ́ o."

"Mo mọ̀."

"Kò ṣeé so padà o."

"Mo mọ̀, Corliss. Gbé iná yẹn sókè díẹ̀."

Iná ń ta pàrà sí mi lójú. Mi ò ní purọ́ fún yín, ó dùn mọ́ mi. Láti oṣù kẹjọ ni mo ti ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí ọwọ́ tèmi náà ń ṣe nǹkan.

Òfin ni pé ẹni tó bá gé ààrò bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kan pátákó irin kékeré kan mọ́ ibẹ̀. Ó wà nínú páálí sítóòfù náà. Ohun tí wọ́n kọ sí i ni pé: A ti yí ààrò yìí padà, ẹ má ṣe dáná igi nínú rẹ̀ mọ́. Ìṣó mẹ́rin ni mo fi kàn án.

Lọ́jọ́ Tuesday, a fi kápẹ́ẹ̀tì àtijọ́ wọ́ sítóòfù náà wọlé, pákó ilẹ̀ ń ké. Lọ́jọ́ Wednesday, a tì í bọ ẹnu ààrò, ó sì wọ̀ ọ́ wẹ́kú.

Ó wá ku páìpù.

*

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an rèé, nítorí náà ẹ fara balẹ̀ kà á.

Páìpù irin tó ń rọ̀ ni, ẹsẹ̀ bàtà méjìdínlọ́gbọ̀n ni gígùn rẹ̀. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ gun òrùlé, kó tì í sọ̀ kalẹ̀ láti orí ṣímínì títí tó fi máa dé ẹ̀yìn sítóòfù, kó sì fi ìdérí bo òkè rẹ̀. Ìwé náà kọ ọ́ gàdàgbà: páìpù gbọ́dọ̀ dé òkè.

Wednesday ni òjò oníyìnyín bẹ̀rẹ̀. Ní Thursday, òrùlé wa ń dán bíi dígí. Rédíò ní kò ní dá títí di Saturday. Mo gbé àkàbà dúró, mo gun ìdajì, ẹsẹ̀ mi yọ̀, mo sọ̀ kalẹ̀.

Mo jókòó sílẹ̀ níwájú ààrò pẹ̀lú páìpù náà lórí itan mi. Mo lè pa á tì síbẹ̀. Mo lè dúró di ọjọ́ tí oòrùn bá ràn. Ṣùgbọ́n mo mọ ọkọ mi. Tó bá dé bá sítóòfù tí iná ò sí nínú rẹ̀, á wọ́ ọ jáde, ọ̀rọ̀ á tán. Àmọ́ tó bá dé bá iná tó ń jó, tí bàbá rẹ̀ ń sùn níwájú rẹ̀, tí ilé gbóná dé àjà, kò ní lè ṣe é. Ohun tí mo rò nìyẹn.

Èéfín ni, mo sọ fún ara mi. Láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ilé yìí ni èéfín ti ń gba inú ṣímínì yẹn jáde. Ṣé ó máa wá ṣìnà lórí tèmi ni?

"Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà ti tó," ni mo sọ fún Corliss. "Tó bá ti kọjá ibi tí a gé, ṣímínì á gbà á lọ."

"Ìwé ńkọ́?"

"Ìwé ní tí ṣímínì bá ti lágbára, kò sí wàhálà."

"Ibo ló kọ ọ́ sí?"

"Corliss, ojú mi ni mo fi kà á. Mú sísọ́ọ̀sì irin wá."

Ó wò mí. Àbúrò mi gbà mí gbọ́ láti kékeré, èmi ni mo sì kọ́ ọ ní ìwé kíkà. Ó mú un wá. Mo gé páìpù náà, mo ká ìyókù padà sínú páálí, mo lọ gbé e pamọ́ sẹ́yìn igi Durward nínú ṣẹ́ẹ̀dì.

Wọ́n ní àṣegbé kan ò sí, àṣepamọ́ ló wà. Tèmi ò tiẹ̀ pamọ́ tó ọjọ́ méjì.

*

Ní ọ̀sán Friday, mo tẹ bọ́tìnnì. Hóró bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó jọ ìgbà tí èèyàn ń ju àgbàdo sí adìẹ. Iná sọ. Láàárín ogún ìṣẹ́jú, Baba Ellery bọ́ súwẹ́tà wọn kejì, èyí tí mi ò rí kí wọ́n bọ́ láàárín oṣù kẹwàá sí oṣù kẹrin rí.

"Bernice ì bá wà láyé kó rí èyí," ni wọ́n wí. Bernice ni ìyá Durward. Ọdún kọkànlá rèé tó ti kú.

Wọ́n mu ọbẹ̀ ẹ̀wà, wọ́n gòkè lọ sùn, wọ́n sì tilẹ̀kùn kí ooru má bàa jáde. Ní aago méjì, mo lọ wa bọ́ọ̀sì mi. Mò ń kọrin nínú bọ́ọ̀sì. Ọmọ kan bi mí bóyá ọjọ́ ìbí mi ni.

Aago mẹ́rin kọjá kí n tó wọlé. Ilé móoru. Ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ gáàsì olóró inú èéfín, èyí tí kì í rùn, dákẹ́ ní ilé ìdáná, kò rí nǹkan kan. Mo gbé omi tíì kaná, mo ké sókè.

"Baba! Tíì ti ń bọ̀ o!"

Kò sí ìdáhùn. Mo tún pè. Ohùn wọn wá láti òkè, ó rọ̀, ó ń fà.

"Bernice, ṣé o ti fún àwọn ẹṣin lóúnjẹ?"

Ilé yìí ò ní ẹṣin mọ́ kí n tó délé ọkọ. Mo rò pé àlá ni wọ́n ń lá, mo rẹ́rìn-ín, mo gòkè. Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn, wọ́n jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ti bì sára, ojú wọn ń wò mí ṣùgbọ́n kò rí mi.

Mo gbójú sókè. Bébà olódòdó tí mo fi lẹ ògiri yàrá yẹn lọ́dún tí mo délé ni mo ń wò. Lókè orí bẹ́ẹ̀dì, òrùka kan ti yọ lára àwọn òdòdó náà, ó dúdú bíi kọfí, ó fẹ̀ tó àwo oúnjẹ. Mo gbọ́wọ́ lé e. Ó gbóná.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí. Láyé àtijọ́, yàrá yẹn ní sítóòfù kékeré tirẹ̀, páìpù rẹ̀ sì wọ ṣímínì níbi tí ọwọ́ mi wà yẹn. Nígbà tí wọ́n gbé sítóòfù náà kúrò, wọ́n fi àwo páànù bo ihò rẹ̀. Èmi ìyàwó tuntun ni mo lẹ òdòdó bo àwo náà. Bí ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ lọ́dọ̀ wa ṣe rí nìyẹn, a máa ń lẹ òdòdó bo ihò, a ó sì gbàgbé.

Èéfín igi gbóná, ó ń sáré lọ sókè ni, kì í yà síbì kankan. Èéfín sítóòfù mi ò gbóná tó bẹ́ẹ̀, ó ń rọra rìn. Nígbà tó jáde lẹ́nu páìpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà tó bọ́ sínú ṣímínì gbẹ̀ǹgbẹ̀ tó tutù, agbára rẹ̀ tán, ó wá ihò tó sún mọ́ ọn, ó gba inú òdòdó mi wọlé tọ Baba.

Mo fà wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ní àtẹ̀gùn, mi ò mọ ibi tí agbára ti wá. Mo gbé wọn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nínú òtútù, mo fi kóòtù mi bò wọ́n. Mo paná sítóòfù, mo ṣí gbogbo ilẹ̀kùn, mo pe panápaná.

*

Ohun kan wà tí mi ò rò. Ní Tarbell, gbogbo ilé ló ní rédíò kékeré tí wọ́n fi ń gbọ́ ìpè panápaná. Àwọn kan ń gbọ́ ọ ju bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ìwàásù lọ. Galen gbé tirẹ̀ lọ sí ahéré. Wọ́n ń jẹun lọ́wọ́ nígbà tí obìnrin tó ń pè wọ́n kéde rẹ̀: Ọ̀nà Orí-òkè, nọ́ńbà mẹ́tàdínlógójì, gáàsì olóró, bàbá àgbàlagbà kan. Ẹnu rédíò ni Durward ti gbọ́ nọ́ńbà ilé ara rẹ̀.

Lendall àti àwọn mẹ́jọ dé ṣáájú. Áńbúláǹsì tẹ̀ lé wọn, àwọn aládùúgbò tẹ̀ lé áńbúláǹsì, Corliss náà sáré dé. Wọ́n fi afẹ́fẹ́ sí Baba nímú. Lendall gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn gáàsì wọ inú ilé, nígbà tó jáde, kò wo ojú mi.

"Yàrá òkè ló burú jù. Rowena, ta ló ṣe sítóòfù yẹn?"

Irọ́ ti wà lẹ́nu mi. Àwọn òṣìṣẹ́ kan láti ìsàlẹ̀ ọ̀hún ni, mi ò mọ orúkọ wọn. Ó rọrùn. Mo wo Baba lábẹ́ kóòtù mi, mo gbé irọ́ náà mì.

"Èmi ni."

"Páìpù tó wà nínú rẹ̀ gùn tó báwo?"

"Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà."

"Ìyókù dà?"

"Ó wà lẹ́yìn igi nínú ṣẹ́ẹ̀dì."

Corliss ké. "O ní ìwé sọ bẹ́ẹ̀!"

"Irọ́ ni mo pa fún ẹ," ni mo wí. Kò tún bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ fún oṣù kan gbáko, mi ò sì dá a lẹ́bi.

Báyìí ni mọ́tò Durward já wọ àgbàlá. Ó bọ́ọ́lẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀wù ọdẹ aláwọ̀ ọsàn rẹ̀, ó sáré. Ó sáré láti ẹnu ọ̀nà títí dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, nígbà tó sì dúró, ọwọ́ rẹ̀ wà láyà. Kò sẹ́ni tó kíyè sí i àfi èmi.

Ó di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú. Baba ṣí afẹ́fẹ́ kúrò nímú, wọ́n ní, "Mi ò tíì kú. Pa igbe." Nọ́ọ̀sì dá a padà sí wọn nímú.

Durward wọlé. Nígbà tó jáde, pátákó irin náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìṣó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì wà lára rẹ̀. Ó kà á sókè níwájú gbogbo èèyàn.

"'A ti yí ààrò yìí padà. Ẹ má ṣe dáná igi nínú rẹ̀ mọ́.'" Ó wò mí. "O gé irin baba ńlá mi."

"Mo gé e."

"Lẹ́yìn mi."

"Lẹ́yìn ẹ ni. Ṣebí níwájú ẹ ni mo ti bẹ̀ ẹ́, tó o pè é ní oúnjẹ ehoro?"

"O fẹ́rẹ̀ẹ́ pa bàbá mi, Rowena!"

"Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n. Mo gé páìpù kúrú, ẹ̀bi mi ni, mo gbà á níwájú gbogbo ẹni tó wà níbí. Má ṣe so èyí tó kù mọ́ ọn."

"Kò sí èyí tó kù. Mò ń gbé nǹkan yẹn jáde báyìí."

Ó yí padà, ó wọ pálọ̀. Mo tẹ̀ lé e, Lendall àti Galen tẹ̀ lé mi. Èmi àti Corliss la fi kápẹ́ẹ̀tì wọ́ sítóòfù yẹn, pákó ilẹ̀ ń ké. Òun nìkan bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ó gbá etí rẹ̀ mú, ó fà á. Irin náà ké lórí òkúta. Ojú rẹ̀ pọ́n, lẹ́yìn náà ó funfun.

"Durward, fi sílẹ̀."

"Kúrò lọ́nà."

"Fi sílẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́."

Ó tún fà á. Mo rí i tí ètè rẹ̀ ṣí sílẹ̀ láti wá èémí. Ìlérí wo ni mo fẹ́ máa pa mọ́ níbẹ̀? Kí n máa pa á mọ́ títí wọ́n á fi gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀ nínú áńbúláǹsì?

"Lendall, má jẹ́ kó gbé e!" Mo pariwo débi pé àwọn tó wà níta gbọ́. "Ọkàn rẹ̀ ń ṣàìsàn! Iṣan méjì ti dí! Láti oṣù kẹjọ ni dókítà ti ní kó má gbé nǹkan kan!"

Galen ṣí fìlà rẹ̀, ó dì í mú láyà. Àwọn panápaná tó wà lẹ́nu ọ̀nà ń wo ara wọn. Ó ti bá wọn wọ iná ní ìgbà méjì láti oṣù kẹjọ.

"Ṣé òótọ́ ni, Dur?" Lendall bi í.

Durward yíjú kúrò lára Lendall. Èmi ló ń wò.

"Mo ní kó o má sọ."

"Mo gbọ́."

"O ṣèlérí fún mi."

"Mo ṣèlérí. Mo ti yẹ̀ ẹ́."

Lendall fi ọwọ́ nu ojú. Ọ̀rẹ́ láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n. "Dur, o mọ òfin. Mo gbọ́dọ̀ gba ẹ̀rọ yẹn lọ́wọ́ ẹ. Tó o bá mú ìwé dókítà wá, wàá gbà á padà."

Durward tú ẹ̀rọ ìpè náà kúrò ní bẹ́líìtì. Lendall na ọwọ́, kò fún un. Ọwọ́ mi ló mú, ó ṣí i, ó fi ẹ̀rọ náà sínú rẹ̀.

"Gbà," ni ó wí. "Ìwọ lo fẹ́ ẹ."

Nínú gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, èyí nìkan ló pa mí lẹ́kún. Ẹ̀yìn ìgbà tí gbogbo wọn lọ tán ni mo tó sun ún.

*

Ọjọ́ méjì ni Baba lò nílé ìwòsàn. Durward padà sí ahéré, ó ní òun ò lè sùn lábẹ́ òrùlé kan náà pẹ̀lú mi. Nígbà tí mo gbé Baba délé, mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n ní, "Ó ti tó. Ìgbà wo lẹ máa parí páìpù yẹn? Ẹ̀mí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ, àmọ́ ẹsẹ̀ mi móoru."

Lendall fúnra rẹ̀ bá mi bẹ àwọn òṣìṣẹ́ kan, wọ́n wá. Páìpù dé òkè, ó ní ìdérí. Mo ya gbogbo bébà olódòdó náà kúrò lára ògiri, wọ́n fi bíríkì àti sìmẹ́ǹtì dí ihò pa. Ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ gáàsì wà ní gbogbo yàrá báyìí. Mo bẹ Corliss lẹ́ẹ̀mẹta kó tó dá mi lóhùn. Àwọn méjì tí mo jẹ ní gbèsè ẹ̀bẹ̀ nìyẹn, mo sì ti san án.

Àwọn tó kù ń retí tiwọn. Níbi oúnjẹ ẹ̀wà alẹ́ Saturday ní ṣọ́ọ̀ṣì, obìnrin kan gbé àwo rẹ̀ wá jókòó tì mí.

"Rowena, ọ̀rọ̀ sítóòfù yẹn, ó lè ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ìyàwó kì í tú ọkọ rẹ̀ síhòòhò níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀."

"Tí mo bá bo àṣírí náà tó sì pa á, ṣé ẹ máa bá mi gbé òkú?"

"Ó yẹ kó o bẹ̀ ẹ́."

"Kí n bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú pé ó wà láàyè?"

Ó gbé àwo rẹ̀ lọ síbòmíì. Mo jẹ ẹ̀wà mi tán, mo sì tún bu sí i.

Durward padà wálé lóṣù kejìlá, nígbà tí yìnyín dí ọ̀nà ahéré. Ó kó sí yàrá ẹ̀yìn. Kì í wọ pálọ̀. Láràárọ̀, mò ń gbé àpò hóró kọjá níwájú rẹ̀, á yíjú sí fèrèsé. Ó wuwo, àpò náà, ẹ̀yìn ń dùn mí, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn kì í ṣe ọkàn.

Lóṣù kìíní, ó wa ara rẹ̀ lọ sílé ìwòsàn fún iṣẹ́ abẹ náà. Galen nìkan ló sọ fún. Kò ṣe é nítorí mi, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn yín. Nítorí ìwé tí Lendall ń béèrè ni. Galen ló ta mí lólobó, mo fi ẹlòmíì sídìí bọ́ọ̀sì mi, mo lọ jókòó tì í.

Nígbà tó lajú, èmi ló kọ́kọ́ rí. Ó wò mí títí.

"Ta ló wà nídìí sítóòfù?"

"Baba ni."

"Kí wọ́n má gbé àpò o. Ó wuwo." Ó padà di ojú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí, tí ẹ bá fẹ́ gba ẹ̀kọ́, ẹ gba èyí: ẹ jẹ́ kí páìpù yín dé òkè, kódà bí òrùlé ń yọ̀, kódà bí ẹni tí ẹ ń bẹ̀rù ń bọ̀ lọ́la. Ibẹ̀ ni mo ti ṣẹ̀.

Oṣù kẹrin la wà báyìí. Durward ti gba ẹ̀rọ ìpè rẹ̀ padà, ó ṣì wà ní yàrá ẹ̀yìn, ọ̀rọ̀ tó ń bá mi sọ lóòjọ́ kò tó mẹ́wàá. Láàárọ̀ yìí, nítorí pé tíì mi tutù, ó fi kọ́ọ̀bù gbá tábìlì, ó ní ìrora ni mo jẹ́ fún òun láti ọjọ́ tí òun ti mọ̀ mí. Ohùn rẹ̀ gba gbogbo ilé. Mo dúró sídìí ẹ̀rọ omi, mo tẹ́tí sí i títí ó fi parí. Ó ń bínú sí mi, kó máa bínú lọ. Òkú kì í bínú.